Ǹjẹ́ ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tí kò ní mọ́tò wà láti Àjàṣẹ́ dé Kétu àti Sábẹ̀ẹ́?

Oníkẹ̀kẹ́ Àjàṣẹ́ béèrè pé:

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) nílẹ̀ Benin. Láti kékeré ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń fi í rìnrìn àjò, tí mo máa ń di ẹrù díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, tí màá sì sùn lójú ọ̀nà ní alẹ́ kan tàbí méjì. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Toulouse nílẹ̀ Faransé, a sì jọ gun kẹ̀kẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin lẹ́bàá Canal du Midi, ìyẹn odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, tó gùn tó kìlómítà 240 láti Toulouse títí dé Sète létí òkun. Ojú ọ̀nà tí àwọn ẹṣin máa ń gbà fa ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́ ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń gbà báyìí. Igi ṣíji bò ó, mọ́tò kì í débẹ̀, a sì ń tàkúrọ̀sọ lórí kẹ̀kẹ́ láìpariwo. N kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ló dán o: nígbà tí a jìnnà sí Toulouse, ọ̀dà tán, gbòǹgbò igi sì ń gbé wa sọ bí ẹni ń gun ràkúnmí.

Láti ìgbà tí mo ti padà dé ni ọ̀nà ọlọ́dà tó ti Àjàṣẹ́ gba Sàkété àti Ìpóbẹ̀ lọ sí Kétu ti sú mi. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí kámíọ̀ tó ru sìmẹ́ńtì bá fẹ́ kọjá lára mi, inú koríko ni mò ń bá ara mi. Ǹjẹ́ a rí ọ̀nà mìíràn, yálà ọ̀nà oko tàbí ojú irin àtijọ́, tí mo lè gbà dé Kétu, kí n sì tibẹ̀ wọ Sábẹ̀ẹ́? Táyà kẹ̀kẹ́ mi fẹ̀ díẹ̀, mo sì lè lo ọjọ́ mẹ́fà tàbí méje.

Ará Sàkété dáhùn pé:

Àbúrò mi, ẹ kú ìbéèrè. Ọ̀nà tí wọ́n dìídì là fún kẹ̀kẹ́ kò sí lápá ọ̀dọ̀ wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn. Ojú irin tí ẹ fẹnu bà ló ní láárí. Ọ̀kan wà tó ti Kùtọ́nú gba Àjàṣẹ́ dé Ìpóbẹ̀, kìlómítà 107 ni, ọkọ̀ kò sì gbà á mọ́ láti ìgbà pípẹ́. Ìdí tí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fi bá kẹ̀kẹ́ mu ni pé ọkọ̀ ojú irin kò lè pọ́n òkè tó ga lójijì, nítorí náà ńṣe ni àwọn tó là á gé òkè tí wọ́n sì dí kòtò títí ilẹ̀ fi tẹ́, ẹsẹ̀ oníkẹ̀kẹ́ sì ń jẹ àǹfààní iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti kógbá wọlé. Ohun tí àwọn ará Sípéènì rí nìyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ojú irin àtijọ́ wọn di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ àti ẹlẹ́sẹ̀ ní 1993. Vías Verdes ni wọ́n ń pè é.

Tiwa kò tíì rí irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Mo gba ẹ̀gbẹ́ irin náà láti Sàkété lọ sí Ìpóbẹ̀ nígbà ọyẹ́ tó kọjá. Àwọn ibì kan wà tí ọ̀nà ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ń bá irin rìn lábẹ́ ọ̀pẹ, tí ẹ kò ní gbọ́ ju ìró ṣéènì kẹ̀kẹ́ yín lọ. Àwọn ibòmíràn sì wà tí ilé ti jókòó lé irin lórí, tàbí tí àwọn ìyá ti sá ẹ̀gẹ́ sí i kó gbẹ. Níbi tí wọ́n bá sá nǹkan sí, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ kí wọn, kí ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ igbó. Èmi sọ̀ kalẹ̀ nígbà mẹ́sàn-án, ìyá kan sì bi mí bóyá ìjọba ló rán mi wá wọn ilẹ̀. Ẹ má gun àárín irin gan-an o: òkúta tó wà níbẹ̀ yóò jọ̀ yín bí ẹni ń jọ̀ èlùbọ́.

Abilékọ Ajàrá dáhùn pé:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ bàbá Sàkété, ṣùgbọ́n ibi tí mọ́tò kò gbà lè má dákẹ́ rárá. Lọ́dọ̀ wa níbí, nítòsí ẹnubodè Nàìjíríà, ọ̀nà kọ̀rọ̀ gan-an ni àwọn tó ń fi alùpùpù kó kpayo, ìyẹn epo mọ́tò fàyàwọ́, ń gbà, ẹni tó sì di kẹ́ẹ̀gì epo mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn kì í tẹ bíréèkì nítorí oníkẹ̀kẹ́. Ẹ má jáde gba apá ọ̀dọ̀ wa. Ẹ gba Dangbo àti Àjọhùn, ní etí àfonífojì odò Wẹmẹ, kí ẹ tó yà padà sí Ìpóbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kẹwàá, nítorí òjò tó rọ̀ lókè lọ́hùn-ún ni odò náà fi ń kún bo ọ̀nà nísàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ń ràn lórí yín.

Ẹ tún ka ọjọ́ ọjà kí ẹ tó gbéra. Ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń ná ọjà Ajàrá, ọ̀nà oko tó dá wáí lánàá lè kún fún alùpùpù àti agbọ̀n adìyẹ lónìí.

Ọmọ Alákétu dáhùn pé:

Kumi ni ẹni tó ń bọ̀ ní Kétu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè. Ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí ló wà láàárín Ìpóbẹ̀ àti ọ̀dọ̀ wa, ilẹ̀ tó rì, tó dúdú, tó jẹ́ kìkì amọ̀, òun ni à ń pè ní Kumi. Nígbà ayé àwọn Faransé, bí òjò bá ti dá sílẹ̀, Kumi á dí ọ̀nà pa, èyí sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí apá wọn tètè ká àwọn Ọ̀họ̀rí. Wọ́n ti gbé ọ̀dà kọjá lórí rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yà kúrò lórí ọ̀dà yóò bá ilẹ̀ náà bó ṣe wà.

Mo yà kúrò lọ́jọ́ kan ní ìparí oṣù Kẹta, lápá Ìṣàbà, lẹ́yìn òjò kan ṣoṣo tó rọ̀ lóru. N kò tíì rìn tó ogún ẹsẹ̀ tí amọ̀ fi wé táyà bí ẹ̀kọ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ewé, tó sì kún àárín táyà àti irin tó dì í mú, tí kẹ̀kẹ́ kọ̀ tí kò yí mọ́. Mo dojú rẹ̀ dé, mo fi igi ha á, mo tún tì í, ó tún dí. Bàtà mi ọ̀tún kù sínú ilẹ̀, mo sì padà lọ fà á yọ. Ohun tí kò tó kìlómítà mẹ́rin gbà mí ní wákàtí mẹ́ta, omi mímu mi ni mo sì fi fọ ṣéènì. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ilẹ̀ kan náà á sán, kòtò sísán rẹ̀ á sì fẹ̀ tó láti gbé táyà tẹ́ẹ́rẹ́ mì.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ wá láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, kí ẹ gba orí ọ̀dà kọjá Kumi nìkan, láàárọ̀ kùtù kí kámíọ̀ tó jí, kí ẹ sì gba ọ̀nà oko níbi yòókù. Ẹ má sì gun un láti Àjàṣẹ́ lọ sápá àríwá. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti àríwá ìlà-oòrùn fẹ́ wá, ojú ni yóò máa fẹ́ lù yín látàárọ̀. Ẹ fi takisí gbé kẹ̀kẹ́ lọ, kí ẹ wá gun un bọ̀ wálé.

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́ Ọ̀pàrà dáhùn pé:

Ọ̀rọ̀ takisí yẹn tọ́. Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà ńlá tó gba ọ̀dọ̀ wa lọ sí Parakou, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sápá àríwá ń gbà. Ọ̀nà oko wa ni ẹwà wà: láàárọ̀, ẹ máa rí àwọn òkè olókùúta Sábẹ̀ẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n á sì bá yín lọ fún ìdajì ọjọ́, nígbà míì lọ́tùn-ún, nígbà míì lósì, láàárín oko iṣu àti kajú. Fúlàní darandaran ń da màlúù gba ibẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ẹ bá pàdé agbo, ẹ sọ̀, ẹ dúró sí apá kan, kí ẹ má ṣe fọn ohunkóhun. Odò Ọ̀pàrà ni ààlà wa pẹ̀lú Nàìjíríà, nítorí náà ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání, kí ẹ má sì tẹ̀ lé ọ̀nà oko kọjá odò pẹ̀lú èrò pé èdè kan náà ni a ń sọ lápá kejì.

Oníkẹ̀kẹ́ Àjàṣẹ́ dáhùn pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pinnu pé Sábẹ̀ẹ́ ni màá ti bẹ̀rẹ̀, kí n gba Ìdígní bọ̀ sí Kétu, kí n sì parí rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin láti Ìpóbẹ̀. Omi mélòó ni kí n gbé láàárín Sábẹ̀ẹ́ sí Ìdígní?

Ọmọ Sábẹ̀ẹ́ Ọ̀pàrà dáhùn pé:

Lítà mẹ́fà, kí ẹ sì tún un bù ní gbogbo abúlé tí ẹ bá ti rí ẹ̀rọ omi, kódà bí ìgò kò tíì dé ìdajì. Ní ti takisí, ẹ ti dúnàádúrà owó kẹ̀kẹ́ kí awakọ̀ tó so ó mọ́ orí ọkọ̀, kí ẹ sì fi àkísà wé ibi tí okùn yóò ti kàn án.