Ṣé torí «bàbá» ni Yorùbá àti Tọ́kì fi jẹ́ ẹbí?

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé kiri ni pé bàbá ni Yorùbá ń pe òbí ọkùnrin, baba ni ará Tọ́kì ń pè é, bàba ni ti Ṣáínà, nítorí náà orírun kan ni gbogbo wa ní. Mi ò gbà rárá.

Ẹ jẹ́ ká ti ilé bẹ̀rẹ̀. Ígálà wà lára àwọn èdè tó bá tiwa tan jù lọ. Bá a ṣe ń pe omi, èjì, ẹ̀ta àti ẹ̀fà ni wọ́n ń pè é, àfi ohùn tó lè yàtọ̀ díẹ̀. Síbẹ̀ àtá ni wọ́n ń pe bàbá, òun náà ló wà nínú oyè Àtá Ígálà. Tó bá jẹ́ «bàbá» la fi ń mọ ẹbí, a jẹ́ pé a ó lé Ígálà síta nìyẹn. Tọ́kì náà sì ní ata, ìyẹn bàbá tàbí baba ńlá, èyí tó wà nínú orúkọ Atatürk tí wọ́n fún Mustafa Kemal, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Tọ́kì, lọ́dún 1934. Ṣé Tọ́kì ni Ígálà náà ti wá?

Ní Bùlgáríà, ìyá àgbà ni baba. Ní Jàpáánù, ìyá arúgbó ni, kò sì ní ọ̀wọ̀ nínú. Jọ́jíà tó bá Rọ́ṣíà pààlà ló tiẹ̀ yani lẹ́nu jù: mama ni bàbá, deda ni ìyá! Babá lédè Potogí ti Bràsíl, obìnrin tó ń bá èèyàn tọ́jú ọmọ ni. Ṣùgbọ́n Babá Egum, ìyẹn egúngún, tí wọ́n ń bọ ní erékùṣù Itaparica ní Bràsíl níbẹ̀, Yorùbá pọ́ńbélé ni, a sì mọ àwọn tó gbé e débẹ̀: àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú.

Ẹ wo ọmọ ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fi ẹnu dárà: ètè á pàdé, ẹnu á là, ba-ba, ma-ma, pa-pa. Kò tíì pe ẹnì kankan. Àgbà tó wà nítòsí ló ń jẹ́ ẹ lóhùn, tó ń sọ pé òun ló ń pè. George Murdock, onímọ̀ nípa àṣà ìran ènìyàn, kó irú orúkọ ìyá àti bàbá bẹ́ẹ̀ jọ, 1,072, láti inú àwọn èdè káàkiri ayé. Roman Jakobson, onímọ̀ èdè, ló wá ṣàlàyé ohun tó fà á tí wọ́n fi jọra.

Àmì orí bàba ti Ṣáínà pàápàá, ohùn tó ń já wálẹ̀ láti òkè ni, kì í ṣe ohùn ìsàlẹ̀ tiwa. Ohùn kan ṣoṣo ló sì ya bàbá sọ́tọ̀ lára ọkà bàbà.

Ẹni tó bá fẹ́ fi hàn pé a bá Tọ́kì tan, kó mú omi, ẹja, ojú, imú, èjì àti ẹ̀ta wá. Su, balık, göz, burun, iki àti üç ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀.