Dyslexia: “àrùn àìmọ̀ọ́kà” kọ́

Ẹ̀yin àgbà, mi ò fara mọ́ “àrùn àìmọ̀ọ́kà” tí wọ́n dábàá bí orúkọ Yorùbá fún dyslexia, ìyẹn kí ìwé kíkà àti kíkọ máa nira fún ọmọ tí orí rẹ̀ pé. Ẹni tí kò rí iléèwé lọ là ń pè ní aláìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ọmọ tí à ń sọ yìí ń jókòó ní kíláàsì bíi tẹgbẹ́ rẹ̀, ó lè ṣírò owó lórí, ó lè pa àlọ́ délẹ̀, àmọ́ tó bá kan “bàbá” lójú pátákó, ó di “dàdá”. Wọ́n á wá ní olódo ni.

“Àrùn” yẹn níbi tó ti wá ṣá. Dókítà ojú kan ní Jámánì, Rudolf Berlin, ló dá orúkọ dyslexia sílẹ̀ lọ́dún 1887. Àwọn àgbàlagbà tí ọpọlọ wọn fara pa ló lò ó fún. Ti àwọn ọmọ wa yàtọ̀: wọ́n bí i mọ́ wọn ni, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Kì í ṣe ojú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìró inú ọ̀rọ̀ ni kì í yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ẹ ní kí ọmọ ọdún 7 sọ “bàtà”, kó wá yọ “bà” kúrò. Ẹgbẹ́ rẹ̀ á dáhùn “tà” kíá. Òun á máa wojú yín.

Orúkọ bíi “ìṣòro ìwé kíkà” sunwọ̀n díẹ̀, àmọ́ ó gbòòrò jù: ọmọ tí kò ríran dáadáa àti èyí tó ń sá níléèwé wà níbẹ̀. Ní Èkìtì níbí, ẹ tún ṣọ́ra. Ọmọ Adó tó kọ “ulé” dípò “ilé”, tó kọ “uṣu” dípò “iṣu”, kò sóhun tó ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé ló kọ ọ́. Èyí tó kọ “ilé” láàárọ̀, “eli” lọ́sàn-án, tí kò sì rí ìyàtọ̀, lẹ ó tẹjú mọ́.

“Ìnira ábídí” ni tèmi. Ó tọ́ka síbi tí iṣẹ́ wà. Tí wọ́n bá ti yẹ ojú àti etí ọmọ wò lọ́sibítù, ẹ lè fi ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ bẹ̀rẹ̀: kó fìka kọ lẹ́tà kan sórí yanrìn, kó máa pe ìró rẹ̀ bó ṣe ń kọ ọ́. Ẹ má kọ́ ọ ní b àti d lọ́sẹ̀ kan náà, wọ́n á dàrú mọ́ ọn lójú. Ẹ gé páálí, kí ẹ kọ bà, tà, bá sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa tò wọ́n pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i! Ìwé tó kọ ọkọ, ọkọ̀ àti ọkọ́ bákan náà ń dá kún ìyà ọmọ yìí.

Orúkọ tí a ó máa pe ọmọ tó ní in ló kù. “Onínira” ò dùn létí mi. Ẹ jẹ́ ká ṣì máa sọ fóbìí pé “ábídí ń ni ín lára”.