Bàbá tí mò ń tọ́jú ní Gosport: wọ́n lé wọn kúrò ní Néfì, ológun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí pé wọ́n fẹ́ràn ọkùnrin. Ṣé wọ́n ṣì lè rí nǹkan gbà?

Adúkẹ́_Gosport:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Iṣẹ́ kíà ni mò ń ṣe níbí, láti ilé dé ilé. Bàbá òyìnbó kan wà lára àwọn tí mò ń wẹ̀ fún láàárọ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn. Bí mo bá ti ń ra ẹsẹ̀ wọn báyìí, ìtàn ọkọ̀ ojú omi ni.

Ọmọ ọdún márùndínlógún ni wọ́n nígbà tí wọ́n wọ HMS Ganges ní Shotley lọ́dún 1960, ilé ẹ̀kọ́ tí Néfì ń kó àwọn ọmọkùnrin sí nígbà yẹn. Òpó ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 143, àwọn ọmọ á gùn ún, ẹnì kan á sì dìde dúró lórí ṣóńṣó rẹ̀. Bàbá ní àwọn kò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n Singapore ni wọ́n fẹ́ràn jù, 1964. Ọkọ̀ kékeré tó ń ṣọ́ etí òkun Borneo ni wọ́n wà, nígbà tí Indonesia ń bá Malaysia fà á. Néfì a máa fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní ọtí rọ́ọ̀mù lọ́sàn-án ojoojúmọ́, àmọ́ ẹni tí kò bá tíì pé ogún ọdún kò ní rí gbà. Lọ́jọ́ tí bàbá pé mọ́kàndínlógún, ọmọ Belfast kan tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ́ńjìnnì gbé tirẹ̀ fún wọn. Kì í ṣe pé ó ní kí wọ́n tọ́ ọ wò o, gbogbo rẹ̀ pátá ló gbé fún wọn. Bàbá ní lórí ọkọ̀, ẹni tó bá gbé gbogbo ọtí rẹ̀ fún ọ kò tún ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ mọ́. Àwọn méjèèjì jọ rìn kiri Bugis Street títí ilẹ̀ fi mọ́, láàárín àwọn ọkùnrin tó múra bí obìnrin, tí ẹwà wọn ju ti obìnrin lọ. Bí bàbá bá ń sọ ọ́, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín débi pé omi ìwẹ̀ á dà sí mi lára.

1968 ni wọ́n lé àwọn méjèèjì. Òfin 1967 ti sọ ọ́ ní England pé ohun tí àgbàlagbà méjì bá jọ ṣe nínú ilé wọn kì í ṣe ọ̀ràn mọ́, ṣùgbọ́n wọn kò ka àwọn ológun mọ́ ọn.

Mo gbọ́ pé ìjọba ń san owó fún irú wọn. Ṣé òótọ́ ni? Ta ni kí n pè? Bàbá kò bímọ, wọn kò sì mọ ìdí kọ̀ǹpútà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò wá àríyànjiyàn Bíbélì o.

Alàgbà_Peckham:
Èmi kò fara mọ́ irú ìgbé ayé yẹn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n gbèsè ni gbèsè ń jẹ́. Òótọ́ ni. Lord Etherton, adájọ́ àgbà kan tẹ́lẹ̀, ló ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ náà, ìwé rẹ̀ jáde ní July 2023, olórí ìjọba sì tọrọ àforíjì nílé ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ètò owó bẹ̀rẹ̀ ní December 2024, ọdún méjì ni wọ́n ṣí i fún. Ẹni tí wọ́n lé torí ọ̀rọ̀ yìí, £50,000. Ẹni tí wọ́n fi ìwádìí tàbí àtìmọ́lé dá lóró lè tún gba tó £20,000 sí i. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ológun láàárín July 1967 sí January 2000 ló wà fún, nítorí náà bàbá rẹ wọlé.

Ọ̀rọ̀ tìrẹ ló ń bà mí lẹ́rù. Má fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù yẹn kí máníjà rẹ tó mọ̀. Kíà tó bá ń dá sí ọ̀rọ̀ owó ẹni tó ń tọ́jú, pàápàá tó bá jẹ́ pé físà iṣẹ́ ló fi wà níbí, ejò ló ń fọwọ́ fà níhò. Kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ rẹ pé bàbá fúnra wọn ló béèrè.

Kúùkù_Òkun:
Adúkẹ́, àbúrò mi, o ṣé tí o tẹ́tí sí bàbá yẹn. Ọmọ Ẹ̀gbá ni mí. London ni wọ́n bí mi sí, Abẹ́òkúta ni mo gbé dàgbà, mo padà wá ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo wọ Néfì ní 1979. HMS Raleigh ní Torpoint ni wọ́n ti kọ́ wa bí a ṣe ń lọ aṣọ àti bí a ṣe ń pa iná inú ọkọ̀, lẹ́yìn náà wọ́n fi mí ṣe kúùkù. Gay ni mí. Alàgbà, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ ṣì ṣeun fún àlàyé yẹn.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kì í bi wá ni adùn. Gbogbo ẹni tó bá wá gba ìtàn lẹ́nu wa, ọjọ́ tí wọ́n lé wa ló fẹ́ gbọ́. Bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tó lé mi, mo gbádùn ayé mi!

Ní 1981 ọkọ̀ wa ń ti Gulf bọ̀, a fẹ́ lọ sinmi ní Mombasa. Ẹ ó kọjá ìlà agbedeméjì ayé kí ẹ tó débẹ̀, Néfì sì ní àṣà tirẹ̀: Neptune, ọba òkun, á gorí ọkọ̀ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, wọ́n á dá ẹjọ́ gbogbo ẹni tí kò kọjá ibẹ̀ rí, wọ́n á fi ọṣẹ kùn wọ́n lójú, wọ́n á taari wọn sínú omi. Èmi ni wọ́n fi ṣe ìyàwó. Mọ́ọ̀pù ni irun mi, aṣọ tábìlì ni ìró, búrẹ́dì róbótó méjì tí mo fọwọ́ ara mi yan ni ọmú. Mo sọ fún wọn pé nílé wa, a mọ Olókun dáadáa, kì í so irùngbọ̀n mọ́ àgbọ̀n bí ti tiyín yìí. Kápútẹ̀nì kúnlẹ̀, ó fẹnu ko ọwọ́ mi. Gbogbo ọkọ̀ ń súfèé fún mi. Ẹ rántí pé nínú ìwé òfin tiwọn, bí mo bá fẹ́ràn ọ̀kan ṣoṣo nínú àwọn tó ń súfèé yẹn, wọ́n á lé mi.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ Wales, òṣìṣẹ́ rédíò. Lálẹ́ ọjọ́ náà ó yọjú sí ilé ìdáná, ó ní, "Olorì, ṣé tíì kò ṣẹ́kù?" Mi ò tíì tú ìró.

Ọlọ́pọlọ ni, ó sì burú nínú orin kíkọ. Ní Gibraltar, ọ̀bọ já fìlà gbà lórí rẹ̀, ó sá gun àpáta lọ, ọmọ Wales tẹ̀ lé e, ó sọ̀ kalẹ̀ láìsí fìlà, láìsí bọ́tìnnì kan ní ṣẹ́ẹ̀tì. Kò sẹ́ni tó gbàgbọ́ pé ọ̀bọ ni.

Lẹ́yìn náà ni ogun Falklands dé, tí Britain bá Argentina jà, 1982. Àwọn oníṣẹ́ rédíò ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ní 4 May, nígbà tí rọ́kẹ́ẹ̀tì Exocet kọlu HMS Sheffield, tí ogún ènìyàn kú, ó wá sí ilé ìdáná kí a tó kéde rẹ̀ fún ọkọ̀. Kò sọ nǹkan kan. Ó di okùn épírọ́ọ̀nù mi mú láti ẹ̀yìn, èmi ń bẹ ànàmọ́ lọ. Kúùkù kejì wò wá, ó wo ògiri. Ọlọ́run á bá mi kẹ́ ọkùnrin yẹn níbikíbi tó bá wà. Pot mess ni à ń sè nígbà ogun: gbogbo nǹkan nínú ìkòkò kan, kí èèyàn lè fi ṣíbí jẹ ẹ́ lórí ìdúró. Èyí tó jó mọ́ ìdí ìkòkò, mo máa ń họ ọ́ pamọ́ fún un, ohun tó fẹ́ràn nìyẹn.

1986, lẹ́tà kan bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ. Mi ò ní kọ àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí síbí. Mi ò dárúkọ rẹ̀. Òun ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó fẹ́yàwó. A ṣì ń fi káàdì Kérésìmesì ránṣẹ́ síra wa. Ìyàwó rẹ̀ ló ń kọ tiwọn.

Ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg ló já ìdè yẹn ní September 1999. Méjì nínú àwọn mẹ́rin tó pẹjọ́, Lustig-Prean àti Beckett, ọmọ Néfì ni wọ́n. January 2000 ni ìjọba gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí wa. Ẹ pe Fighting With Pride, ẹgbẹ́ aláàánú fún irú wa ni. Wọ́n á bá bàbá kọ fọ́ọ̀mù náà, wọn kò ní gba kọ́bọ̀. Bí wọ́n bá gba mẹ́dàlì Borneo lọ́wọ́ bàbá, kí wọ́n béèrè ìyẹn náà, ó ń padà. Fọ́ọ̀mù á béèrè ìyà wọn, kí wọ́n sọ ọ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ti rọ́ọ̀mù yẹn náà, bí àyè kò tiẹ̀ sí fún un. Kí wọ́n kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé.

Ṣadé_Leeds:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìyàwó rẹ̀ mọ̀?

Adúkẹ́_Gosport:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gidigidi. Alàgbà, ẹ kú ìtọ́sọ́nà, mo ti bá máníjà sọ ọ́, ó ní òun fúnra òun máa pè wọ́n. Mo ka ìtàn Mombasa fún bàbá ní gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ní láyé tiwọn, ìyàwó Neptune ní ọmú tó jùyẹn lọ. Wọ́n tún ní kí n bi yín: kí ni ẹ̀yin ń kó sínú pot mess? Wọ́n ní àwọn kúùkù tiwọn kò mọ nǹkan kan ju iyọ̀.

Kúùkù_Òkun:
Ṣadé, ó mọ̀. Káàdì àkọ́kọ́ tó kọ sí mi, "Ìwọ lo kọ́ ọ láti jẹ èyí tó jóná, èmi ni mò ń fọ ìkòkò."

Adúkẹ́, sọ fún bàbá: corned beef, ẹ̀wà inú agolo, ànàmọ́, tòmátò, àlùbọ́sà. Àti ata gígún láti Abẹ́òkúta, tí mo fi pamọ́ sínú agolo tíì tí mo kọ "baking powder" sí lára.