Re: Yokai, ṣé ànjọ̀nú ni àbí abàmì?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ń kọ àkọlé sábẹ́ àwọn àwòrán yokai, ìyẹn àwọn ẹ̀dá àràmàǹdà inú ìtàn àwọn ará Jàpáàn, ní ká kúkú pe gbogbo wọn ní ànjọ̀nú, àǹtí wa sì ní rárá o, "ẹ̀mí àìrí" ló dáa jù. Ẹ má pè é láfojúdi o, mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Àìrí kẹ̀? Ohun tí wọ́n yà sórí bébà! Ṣebí torí káwọn èèyàn lè rí wọn ni Toriyama Sekien, ayàwòrán ará Jàpáàn, ṣe gbé ìwé àwòrán ẹ̀ jáde lọ́dún 1776, yokai kan lójú ewé kan, orúkọ ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Amabie wá ńkọ́, èyí tí wọ́n ní ó jáde látinú òkun ní Higo, ibi tó ń jẹ́ Kumamoto báyìí, lọ́dún 1846, ó ní ọdún 6 ni irè oko máa fi ṣe dáadáa àmọ́ àjàkálẹ̀ àrùn náà lè jà, tó bá ti ń jà kí wọ́n tètè ya àwòrán òun káwọn èèyàn máa wò ó. Ẹnu bíi tẹyẹ, irun gígùn, ìpẹ́ lára. Nígbà Kòrónà lọ́dún 2020 òun làwọn ará Jàpáàn ń yà kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì, kódà iléeṣẹ́ ìlera ìjọba wọn lò ó. Ẹ̀dá tó fẹnu ara ẹ̀ ní kí wọ́n ya òun, ẹ wá ní àìrí!

Ànjọ̀nú ò burú fún yokai tí wọ́n ń pè ní oni ṣá, torí oni ga, ó ní ìwo, ó sán awọ ẹkùn mọ́dìí. (Wọ́n ní torí pé "màlúù àti ẹkùn" ni wọ́n ń pe apá àríwá ìlà oòrùn láyé àtijọ́, ibẹ̀ sì ni oni ti ń wọlé, ni ayàwòrán ṣe fún un ní ìwo màlúù.) Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi "oni" sílẹ̀ lásán bẹ́ẹ̀ o, ẹlòmíì á kà á sí ọ̀nì inú odò, ẹlòmíì á kà á sí Ọọ̀ni, wọ́n á wá ránṣẹ́ pè wá láàfin.

Ṣùgbọ́n agboorùn ńkọ́? Agboorùn gbígbó tó lójú kan, tó yọ ahọ́n síta, tó ń fẹsẹ̀ kan ṣoṣo tọ, ṣé ànjọ̀nú nìyẹn? Àwọn ará Jàpáàn gbà pé ohun èlò tó bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún lè ní ẹ̀mí, tsukumogami ni wọ́n ń pè é, ìwé kíká kan sì wà ní Shinju-an nínú tẹ́ńpìlì Daitoku-ji ní Kyoto tí wọ́n ti ya biwa, ohun èlò orin olókùn, tó ń fi okùn fa koto, ohun èlò orin olókùn míì, lọ lóru bí ẹni ń fa ajá. Ẹ kọ ànjọ̀nú sábẹ́ ìyẹn kẹ́ ẹ wo bí ọmọ tó ń kà á ṣe máa ṣojú. Tẹ́ ẹ bá tún sọ fún ayàwòrán wa pé màmíwọtà ni kappa, yokai tó ń gbé inú odò, obìnrin onírù ẹja ló máa yà fún yín, á gbàgbé ìkarahun bíi ti ìjàpá tó wà lẹ́yìn ẹ̀, á gbàgbé àwo omi orí ẹ̀, bẹ́ẹ̀ tí omi yẹn bá ti dà nù agbára ẹ̀ ti tán nìyẹn.

Àbúrò kan tún ní yurei, ìyẹn ẹ̀mí òkú lọ́dọ̀ àwọn ará Jàpáàn, ni àkúdàáyà. Hà! Àkúdàáyà ń ná ọjà, ó ń fẹ́yàwó, ó ń bímọ, àfi tí ará ìlú ẹ̀ bá dé lẹ ó tó mọ̀. Yurei inú àwòrán, látayé ayàwòrán Maruyama Okyo, aṣọ òkú funfun, irun títú sílẹ̀, ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì ń parẹ́ bí èéfín, ò lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ wo ló máa fi lọ sọ́jà? Òkú-ò-lọ ni tèmi.

Fún gbogbo yokai lápapọ̀, abàmì ni mo dìbò fún, torí ó gba ẹranko, ó gba agboorùn, ó gba ẹni tó wá jíṣẹ́ látòkun. Kappa ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ kápà. Tsukumogami, mo dábàá "àlòjí", ẹni tó bá ní èyí tó dùn jùyẹn lọ kó mú un wá kí ẹ̀gbọ́n tó fi àkọlé ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti máa tẹ̀ ẹ́.