Ẹ̀yin tí ìfarapa orí tàbí ọ̀pá ẹ̀yìn ti kàn rí, ẹ wá sọ tiyín

Abẹ́nì: Ẹ kú ilé o. Ọkọ mi já bọ́ látorí àkàbà, orí ló fi sọlẹ̀. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, wọ́n ní kò sẹ́jẹ̀ níbẹ̀, ká máa lọ sílé. Látìgbà náà, ọ̀rọ̀ kékeré, ó ti gbaná jẹ. Kò fẹ́ gbọ́ ariwo, kò fẹ́ rí iná. Ṣé ó máa ń lọ?

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: Tèmi lọ. Jẹ́ kó sinmi.

Ìyá Kẹ́hìndé: Ẹ má fi ìsinmi tan obìnrin yìí jẹ. Àbúrò mi, kó tó fara pa, bí ẹ gbá a létí kò ní sọ̀rọ̀. Ó dákú lọ, ó jí, gbogbo wa ń jó. Àṣé ẹlòmíì ló jí. Ohun tó bá ti wá sẹ́nu rẹ̀ ló ń sọ lójú àlejò. Gáàsì ń jò nílé ìdáná, ó jókòó síbẹ̀, kò gbóòórùn kankan! Àwọn ará ilé ní ó ń díbọ́n. Kò sápá lára rẹ̀, ta ni yóò gbà?

Abẹ́nì: "Ẹlòmíì ló jí." Ẹ ti pa mí.

Ọmọ Tíṣà: Iṣan tín-ín-rín tó ń gbé òórùn lọ sọ́pọlọ, ihò wẹ́wẹ́ inú eegun lókè imú ló gbà. Bí orí bá mì gan-an, ó lè já.

Baba Àgbà: Ẹ má jẹ́ kó sùn o! Ẹni tó fi orí gbá kì í sùn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Baba, dókítà ti yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ jẹ́ kó sùn. Ẹ ṣáà rí i pé ó ṣe é jí. Bí ẹ̀fọ́rí bá ń le sí i, tó ń bì léraléra, tàbí tí ahọ́n rẹ̀ ń lọ́, ọsibítù kíá. Àwọn àgbàlagbà tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kẹ́jẹ̀ dì, ẹ̀jẹ̀ inú orí tiwọn lè fara hàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Baba Àgbà: Èmi ò jẹ́ kí ọmọ mi sùn, ó sì yè.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Bó sùn náà, ì bá yè ṣá.

Oníkẹ̀kẹ́: Ẹ jẹ́ káwa ti ọ̀pá ẹ̀yìn náà sọ̀rọ̀. Àwọn aláàánú ló fà mí yọ nínú ọkọ̀, ọ̀kan mú apá, ọ̀kan mú ẹsẹ̀. T4 ni tèmi, ìyẹn eegun kẹrin ọ̀pá ẹ̀yìn nísàlẹ̀ ọrùn. Ẹ̀yin rò pé ẹsẹ̀ ló ń dà mí láàmú? Ìtọ̀ ni! Bí rọ́bà tó ń gbé ìtọ̀ mi jáde bá ká tí mi ò mọ̀, orí á fẹ́ là, òógùn á bo ojú mi, ẹ̀jẹ̀ á ru gùdù. Lọ́jọ́ kan wọ́n ń fún mi ní oògùn ẹ̀fọ́rí! Ìyàwó mi ló na rọ́bà, ìtọ̀ tú jáde, orí sì fúyẹ́. Ẹ̀yin tí tiyín wà ní T6 sókè, ẹ kọ àmì wọ̀nyí sínú ìwé, ẹ máa mú un rìn.

Àdìgún: Ẹ má bú àwọn aláàánú. Bí ọkọ̀ bá ń jó ńkọ́?

Oníkẹ̀kẹ́: Ta ló sọ fún ẹ pé ó ń jó?

Ìyá Kẹ́hìndé: 😂😂

Nọ́ọ̀sì Alẹ́: Bó bá ń jó, ẹ fà á. Bí kò bá jó, ẹ di orí àti ọrùn rẹ̀ mú kó má mì, títí àwọn tó mọ̀ ọ́n yóò fi dé.

Ojú Ń Tì Mí: Ẹ má bínú… ọ̀rọ̀ yàrá ńkọ́?

Oníkẹ̀kẹ́: Ọmọ tí mo bí lẹ́yìn rẹ̀ ló ń ti kẹ̀kẹ́ mi.

Àdìgún: Baba o!

Ìyá Kẹ́hìndé: Abẹ́nì, kọ gbogbo ohun tí o ń rí sílẹ̀, kí o sì bá a wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Òun fúnra rẹ̀ á ní kò sí nǹkan tó ṣe òun.

Abẹ́nì: Ohun tó sọ láàárọ̀ yìí gan-an nìyẹn, ó sì fi ilẹ̀kùn gbá mi.