‘Ìtọ́jú ọlọ́rọ̀’ kò yẹ ní iwájú ìwé náà

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín.

Ọ̀kan nínú wa fi ìwé pélébé kan hàn wá, tí wọ́n ṣe fún àwọn tí ìdààmú ọkàn ń bá jà tí wọ́n sì ń lọ bá onímọ̀ sọ̀rọ̀ kí ara lè tù wọ́n. Ó pe irú ìtọ́jú yìí ní ‘ìtọ́jú ọlọ́rọ̀’, ó sì ní kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, nítorí pé oní- bá gírámà mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí oní- bá pàdé ọ̀rọ̀, bí a ti sábà ń kọ ọ́, ohùn ìsàlẹ̀ àkọ́kọ́ á pòórá, ohun tó kù kò sì ní yàtọ̀ mọ́ sí ọlọ́rọ̀ tí í ṣe olówó. Ẹni tí kò ní lọ́wọ́, tó rí i ní lẹ́tà ńláńlá níwájú ìwé, yóò rò pé kì í ṣe tòun, yóò sì dá a padà.

Ẹni tó to ojú ewé náà tún dá kún un: ó yọ gbogbo àmì ohùn, ó ní wọ́n ń kọlu ìlà òkè. Mo mọ ohun tó fà á. Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, kò fún ‘ọ́’ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀. ‘Ọ’ la ó tẹ̀ kí a tó fi àmì lé e lórí, fọ́ǹtì tí kò dára á sì gbé àmì náà síbi tí kò yẹ. Kí ó wá fọ́ǹtì mìíràn, kí ó sì fi àyè sáàárín ìlà. Àgbà tó kọ́ mi ní ìwé a máa fi ìka tọ àmì kọ̀ọ̀kan títí a ó fi pè é bó ṣe yẹ.

‘Ìtọ́jú àfọ̀rọ̀ṣe’ ni mo dábàá, bí a ti ń sọ pé àfọwọ́ṣe. Àwọn tó ní ‘ìgbaninímọ̀ràn’ tó, èmi kò bá wọn lọ, nítorí pé agbaninímọ̀ràn ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tí ń gba ìtọ́jú ló yẹ kó sọ̀rọ̀ jù níhìn-ín. Nínú ìwé tí Breuer àti Freud, àwọn dókítà méjì tó wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ irú ìtọ́jú yìí, tẹ̀ jáde ní 1895, aláìsàn fúnra rẹ̀ ló pè é ní ìwòsàn tí a ń fi ọ̀rọ̀ sísọ ṣe. Dókítà kọ́ ló sọ ọ́ lórúkọ.

Ó ku tábìlì inú ìwé pélébé náà, irú èyí tó ti inú ìtọ́jú Aaron Beck, dókítà ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, wá: ‘ohun tó ṣẹlẹ̀’, ‘èrò’, ‘ìmọ̀lára’. Kí ni ènìyàn yóò kọ sábẹ́ ‘ìmọ̀lára’? Inú mi bàjẹ́ la máa ń wí, tàbí àyà mi ń já, ọkàn mi pòrúurùu, ara mi kò lélẹ̀. Kí wọ́n ya àwòrán ènìyàn kan síbẹ̀, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, àyà àti inú, kí ẹni tí ń gba ìtọ́jú lè kọ tirẹ̀ síbi tó ti ń dùn ún. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ gbèjà ‘ìmọ̀lára’, kí ó jọ̀wọ́ sọ fún mi ìgbà tó gbọ́ ọ lẹ́nu òbí rẹ̀ lọ́jọ́ tí inú wọn bàjẹ́.