Ṣé dúkìá ni crypto àbí nǹkan orí fóònù lásán? Ogún ẹ̀gbọ́n mi ti há o

Ọmọ Tanke:
Ẹ̀yin ará ilé ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ta fóònù ní Tanke jáde láyé lẹ́yìn Iléyá, ìyàwó kan àti ọmọ mẹ́ta ló fi sílẹ̀. Àfáà ti bá wa pín ilẹ̀ tó rà ní Gàá Àkàńbí àti ọjà inú ṣọ́ọ̀bù, ó wá ku USDT, irú crypto kan tí iye ẹ̀ ń bá dọ́là rìn, tó wà lórí áàpù kan tí wọ́n ti máa ń rà tí wọ́n ti máa ń tà. Ojú mi ló ṣe ń kó owó iléèwé àwọn ọmọ síbẹ̀ torí náírà tó ń já wálẹ̀. A kọ̀wé sí wọn, wọ́n ní ká mú ìwé kọ́ọ̀tù wá, a dé kọ́ọ̀tù, akọ̀wé ní irú dúkìá wo nìyẹn, níbo ló wà táwọn máa kọ. Ó dùn mí wọra. Ṣé kò yẹ kí ìjọba là á mọ́lẹ̀ pé dúkìá ni, bí ilẹ̀, bí mọ́tò, kí wọ́n sì dáàbò bò ó ni?

Oníṣòwò Ọ̀fà:
Ọlọ́run á forí jì í, á dá àwọn ọmọ sí. Ṣùgbọ́n èmi ò fẹ́ kí ìjọba dá sí i rárá. February 2021 tí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ní kí báńkì ti àkáǹtì àwọn tó ń ṣe crypto, tèmi wà níbẹ̀, owó ọjà ìyàwó mi há sínú ẹ̀, mo pààrà báńkì títí bàtà mi fi jẹ. December 2023 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn padà. Tí wọ́n bá ti pè é ní dúkìá, owó orí ló kàn.

Lọ́yà Ọmú-Àrán:
Ẹ̀gbọ́n Ọ̀fà, ẹ pẹ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe yín yẹn gan-an ló jẹ́ kí n fẹ́ kó jẹ́ dúkìá. Abala 44 nínú ìwé òfin 1999 ní wọn ò gbọdọ̀ fipá gba dúkìá ẹnikẹ́ni àfi bí òfin bá ṣe là á kalẹ̀, ohun tí wọn ò bá wá kà sí dúkìá, kí lẹ fẹ́ dì mú nílé ẹjọ́? Ẹ wo Cryptopia, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ra crypto tí wọ́n ti ń tà á ní New Zealand, wọ́n jí wọn lówó ní 2019, ilé iṣẹ́ náà wó, àwọn tí ilé iṣẹ́ náà jẹ ní gbèsè fẹ́ pín crypto tó kù. Ní 2020 ilé ẹjọ́ ní rárá, dúkìá àwọn oníbàárà ni, wọ́n kàn bá wọn tọ́jú ẹ̀ ni. Ní Japan, ẹnì kan tí bitcoin ẹ̀ há sí Mt. Gox, irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó wó, pe ẹjọ́, ní 2015 kọ́ọ̀tù Tokyo ní bitcoin kì í ṣe ohun téèyàn lè ní. Ẹ rí bí ọ̀rọ̀ kan ṣe lè gbani tó sì lè pani. Wọ́n ti ṣòfin ní England, December 2025, pé ó lè jẹ́ dúkìá. Ìjọba tiwa náà ṣe ISA, òfin ìdókòwò, ní 2025 tó fi í sábẹ́ SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ìdókòwò, àwọn tó ń tà á fáráàlú nìyẹn kàn jù.

Ọmọ Tanke, ẹ gba letter of administration, ìwé tó ń fún yín láṣẹ láti bójú tó ogún olóògbé, ní High Court. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ "nǹkan orí fóònù". Kí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́, íímeèlì tó fi ṣí i, àti iye tó wà níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì Ọjà Ọba:
Àwa tá à ń yọ sàká ẹ̀ lọ́dọọdún, tó bá ti tó iye wúrà 85 gíráàmù tó sì pé ọdún, 2.5% ń jáde, dúkìá ni lójú tiwa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí tiyín wà nínú wálẹ́ẹ̀tì ara yín, tí kò sí lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan, ọ̀rọ̀ 12 tí wọ́n fi ń ṣí i padà yẹn, ẹ kọ ọ́ síbi tí ìyàwó tàbí ìyá yín á ti rí i. Tó bá sọnù, kò sí adájọ́ tó lè bá yín ṣí i.

Ọmọ Tanke:
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á san yín lóore. Lọ́yà, mo ti rí íímeèlì náà nínú fóònù ẹ̀ kejì. Èmi àti ìyàwó ẹ̀ ń lọ High Court lọ́jọ́ Mọ́ńdè.